Ta Ló Ni Orúkọ Ẹgbẹ́ Náà?

Bí ẹgbẹ́ olórin bá pààrọ̀ ẹni tó ń dá orin, ṣé ẹgbẹ́ kan náà ni? Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi bí mo ṣe ń gbọ́ orin àwọn Chicks, ẹgbẹ́ olórin country láti ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, tí a mọ̀ sí Dixie Chicks títí di ọdún 2020.

Obìnrin mẹ́rin ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Dallas ní 1989: Laura Lynch, Robin Lynn Macy, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Martie àti Emily Erwin. Martie ń ta fídù, ìbátan gòjé àwọn onísákárà. Emily ń ta bánjò, ohun èlò tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú gbé ìmọ̀ rẹ̀ sọdá òkun. Macy kúrò ní 1992, nítorí pé bluegrass, orin olókùn àtijọ́, ló wù ú, àwọn yòókù sì ń sún mọ́ ti ìgbàlódé. Ní 1995 wọ́n fi Natalie Maines rọ́pò Lynch. Bàbá Natalie, Lloyd Maines, ti máa ń bá wọn ta gìtá steel. (Irú gìtá yìí ni Demola Adepoju fi dá bírà lẹ́yìn King Sunny Adé, nítorí náà kì í ṣe àlejò létí wa.)

Wide Open Spaces jáde ní 1998, ó sì tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Natalie ló sọ wọ́n di ńlá. Èmi kò gbà á tán. Ohùn rẹ̀ mú bí abẹ. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn kò bá ṣe elégbè rẹ̀, yóò máa gún ni létí. Èyí tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni Home, ti 2002. Kò sí ìlù níbẹ̀ rárá, okùn ni gbogbo rẹ̀. Orin tí Macy torí rẹ̀ lọ ni wọ́n padà sí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá!

Ní oṣù Kẹta 2003, nígbà tí ogun Iraq kù sí dẹ̀dẹ̀, Natalie sọ lórí ìtàgé ní London pé ojú ń ti àwọn pé Texas ni Ààrẹ Bush ti wá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò kò gbé orin wọn mọ́. Ìgbà yẹn ni ì bá rọrùn láti wá ẹlòmíràn. Martie àti Emily kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró tì í. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ní 2007 wọ́n gba Grammy márùn-ún, àmọ́ rédíò country kò dá àyè wọn àtijọ́ padà fún wọn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé 1998 ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn, bí ẹni pé àwo orin mẹ́ta tó ṣáájú kò sí. Nígbà tí Lynch kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Kejìlá 2023, àwọn Chicks fúnra wọn gbà ní gbangba pé ó kó ipa pàtàkì nínú bí ẹgbẹ́ náà ṣe kọ́kọ́ gbérí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kó wá Thank Heavens for Dale Evans ti 1990 gbọ́. Ohùn Lynch wà níbẹ̀, báàsì rẹ̀ náà wà níbẹ̀.