Ọtí Tó Ju Owó Rẹ̀ Lọ

Iṣẹ́ títọ́ ọtí wò ni mò ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú wísíkì bourbon wo ni kí òun kọ́kọ́ rà, Wild Turkey 101 ni mo máa ń dárúkọ. Kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ agbára rẹ̀ tó ìdá 50.5 nínú 100, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 40 péré ni òfin Amẹ́ríkà béèrè kí bourbon tó wọ ìgò.

Ìlú Lawrenceburg ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Láti 1954 ni Jimmy Russell ti wọṣẹ́ níbẹ̀, Eddie ọmọ rẹ̀ náà sì di ọ̀gá apọntí. Àgbàdo ló pọ̀ jù nínú ọtí náà. Ọkà rye àti ọkà bálì ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn. Inú àgbá igi oak tuntun ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, àgbá tí wọ́n ti fi iná jó nínú títí ara igi fi sán bí awọ ọ̀nì. Ibẹ̀ ni àwọ̀ àti adùn ti ń wá. Bí ooru bá mú, ọtí á wọnú igi lọ. Bí òtútù bá dé, á padà jáde pẹ̀lú adùn igi. Òfin gbà kí ọtí wọ àgbá ní agbára títí dé ìdá 62.5, àmọ́ ìdá 57.5 ni tiwọn. Nítorí náà, omi díẹ̀ ni wọ́n ń bù là á nígbà tó bá ń wọ ìgò, adùn rẹ̀ kì í sì ṣòfò.

Ẹ má dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo o. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife tó fẹ̀ nídìí, tó há lẹ́nu, kí ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Ẹ la ẹnu díẹ̀ bí ẹ bá ń gbóòórùn rẹ̀, kó má baà ta yín nímú. Òórùn fànílà àti ṣúgà jíjó ló ń kọ́kọ́ jáde, kànáfùrù á tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá wá mu díẹ̀, ẹ má tíì fi ẹnu kìíní dájọ́. Ahọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, adùn oyin á dé, ata rye á wá ta ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, ìkorò igi díẹ̀ á gbẹ̀yìn, ooru rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ sí àyà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kán omi sí i, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta. Ibí ni mo ti ń dá ọtí líle lẹ́jọ́. Èyí tó jẹ́ pé títa nìkan ló mọ̀, omi díẹ̀ á sọ ọ́ di ọ̀bọrọ́. Ní ti èyí, ṣe ni adùn rẹ̀ ń là sí i, tí òórùn èèpo ọsàn tí ẹ kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ á yọjú.

Kí ẹ tó náwó gọbọi lórí ìgò olówó ńlá, ẹ tọ́ èyí wò ná. Ẹ jẹun sínú, ẹ mu ún níwọ̀nba, ẹ má sì wakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.