Ẹ̀kọ́ Agbára: Ohun Tí Thucydides Kọ Lẹ́yìn Melos

Láàárín àwọn onímọ̀ tí ń ṣe àyẹ̀wò bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn lò, agbo kan wà tí a lè pè ní agbo a-wo-ayé-bí-ó-ti-rí. Ohun tí wọ́n dì mú ni pé ìfẹ́ agbára wà nínú ẹ̀dá ènìyàn, àti pé, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ọba kan tí ń jẹ lórí gbogbo ọba ayé, olúkúlùkù orílẹ̀-èdè ni yóò ṣọ́ orí ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn kì í sábà fi ojú rere wo agbo yìí. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ kí alágbára máa tẹ aláìlágbára mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ni. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn alágbára pàápàá a máa gba ẹ̀sùn náà bí oríyìn: bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìkà, wọn a ní àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ ti fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí á padà sínú ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n náà fúnra wọn.

Thucydides, ẹni tí wọ́n kà sí baba ńlá agbo náà, jẹ́ ọ̀gágun ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì. Nígbà tí Amphipolis bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní ọdún 424 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n lé e kúrò nílùú fún ogún ọdún. Ìtàn ogun Athens àti Sparta ni ó kọ. Ibi tí wọ́n mọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ti Melos, erékùṣù kékeré tí kò fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 416, ikọ̀ Athens sọ fún àwọn ará Melos pé àárín àwọn tí agbára wọn bá dọ́gba nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ti ń wáyé. Melos kọ̀ láti tẹrí ba. Nígbà tí ìlú náà ṣubú, wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n sì kó àwọn obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú.

Ibí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń pa ìwé náà dé. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ikọ̀, wọ́n fi sí ẹnu òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ojú ìwé tí ó tẹ̀ lé e, Athens náà ni a ó bá tí ó ń múra láti lọ gba Sicily ní ọdún 415, erékùṣù tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ bí ó ti tóbi tó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 413, ọkọ̀ wọn ti ṣègbé, àwọn ọmọ ogun tí ikú kò pa sì wà nínú kòtò ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta ní Syracuse, ebi àti òùngbẹ ń pa wọ́n kú. Thucydides kò wàásù. Ó kàn to ìtàn kan ti èkejì ni. Àwọn àgbà wa ní alágbára tí kò mèrò, baba ọ̀lẹ ni. Ìtàn Sicily gbè é lẹ́sẹ̀.

Irú ojú kan náà ni Hans Morgenthau fi wo Amẹ́ríkà. Júù ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, tí ó dé Amẹ́ríkà ní 1937, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Politics Among Nations, jáde ní 1948. Bí agbára bá jẹ́ òrìṣà tí ó ń bọ ni, ì bá ti jó tẹ̀ lé ogun Vietnam. Dípò bẹ́ẹ̀, ó takò ó ní gbangba. Ní 1965 ó bá McGeorge Bundy, olùdámọ̀ràn Ààrẹ Johnson, jiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Lójú tirẹ̀, orílẹ̀-èdè tí kò bá lè ya ohun tí ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò kàn án yóò fi agbára rẹ̀ ṣòfò. Saigon ṣubú ní 1975.

Síbẹ̀, agbo yìí ní àbùkù tirẹ̀. E. H. Carr, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tú àṣírí àwọn tí ń pe àǹfààní ara wọn ní àǹfààní gbogbo ayé nínú The Twenty Years' Crisis, tí ó jáde ní 1939. Nínú ìwé kan náà ni ó ti yin ìdúnàádúrà Munich tí wọ́n bá Hitler ṣe ní 1938. Nígbà tí ìwé náà tún jáde ní 1946, ó yọ ìyìn náà kúrò. Ó mọ agbára í díwọ̀n, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n agbára kò sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá ní òun ń wo ayé bí ó ti rí gbọ́dọ̀ ka ìkà mọ́ ohun tí ó wà láyé, kí ó sì ka ẹ̀tọ́ mọ́ ọn pẹ̀lú. Carr pàápàá gbà pé ẹ̀kọ́ agbára nìkan kò tó, nítorí kò lè sọ fún wa ibi tí ó yẹ kí á máa lọ.

Ìwé Thucydides kò parí. Inú ọdún 411 ni ó dúró sí. Xenophon ni ó gba ìtàn náà sọ. Ó ròyìn pé ní òru tí Athens gbọ́ pé ọkọ̀ ogun wọn ti run, kò sí ẹni tí ó fojú kan oorun. Wọn kò sọkún àwọn tí ó kú nìkan. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ohun tí àwọn ṣe fún Melos ni a ó ṣe fún àwọn náà.