Bárò Tó Di Mọ́tò

Bí ọmọ bá wo ìwé ẹlòmíì kọ nínú ìdánwò, a ó ní ó jíwèé wò. Bó bá délé tó ń fara wé òṣèré, àwọn òbí á ní àkókò ìwé rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Láàárín olùkọ́ àti òbí, àwòkọ kò níbi tí yóò forí pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ yẹ iṣẹ́ àwọn Ikorodu Bois wò dáadáa, nítorí àwòkọ pọ́ńbélé ni iṣẹ́ wọn, wọn kò sì jiyàn rẹ̀.

Láti Ìgbògbò tí mo ti ń kọ èyí, Ìkòròdú tí wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ kò jìnnà rárá. Ní 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò pẹ̀lú ìbátan wọn kan. Wọ́n á mú ìpolówó fíìmù Hollywood tàbí fídíò olórin, wọ́n á sì ṣe é ní ìran sí ìran bí wọ́n ṣe rí i. Ibi tí mọ́tò bá wà, bárò ni wọn yóò fi dípò rẹ̀. Igi á di ìbọn, ìkòkò ìdáná á di ohun ìjà olówó ńlá. Ojú wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín. Àwa tó ń wò là ń rẹ́rìn-ín, àwọn ń bá ogun wọn lọ.

Ohun tó wù mí jù ni pé wọ́n sábà máa ń gbé ojúlówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà nínú fídíò kan náà, kí ojú wa lè máa lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Ọmọ tó jíwèé wò kò jẹ́ gbé ìwé ẹni tó wò kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ fún olùkọ́. Níbẹ̀ ni mo rò pé ẹ̀dà àti ayédèrú ti pínyà.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní 1973, Ọ̀gágun Yakubu Gowon tó jẹ́ olórí ìjọba wa lọ kí Ọbabìnrin Elizabeth ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀dà orí idẹ Bìní kan ló yẹ kó fi ta á lọ́rẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí wọ́n ṣe kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá mú ojúlówó láti ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó. Àwọn ará ààfin ọ̀hún rò pé ẹ̀dà ni. Ó di 2002 kí àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan bí irínwó ọdún ni orí náà ti wà láyé. Ọ̀rọ̀ yìí pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ àwa la pàdánù níbẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa fara wé òyìnbó kò gbọ́ ìtàn Hugh Clapperton. Ní 1826, arìnrìn-àjò yìí dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì ṣeré fún un níwájú ààfin Aláàfin. Àwọn tó wọ inú àpò ló kọ́kọ́ jó, òjòlá ńlá kan tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó di ìgbà kẹta, òyìnbó ló yọ jáde látinú àpò: ó tín-ín-rín, ó funfun bí ìda, ó ń fa aáṣáà símú, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tó fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tó tutù bíi yìnyín. Àwọn èrò ìwòran ń ké sí Clapperton pé kó wò ó dáadáa! Òun náà sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ojúlówó jókòó, ẹ̀dà rẹ̀ ń jó níwájú rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń wo méjèèjì.

Bí mo bá fi wé eré yẹn, àwọn ọmọ Ìkòròdú ní àléébù kan. Eléré Ọ̀yọ́ Ilé fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn Ikorodu Bois ń tẹ̀ lé òyìnbó wọ̀ǹ-wọ̀n-wọ̀n, ohun tí àwọn fúnra wọn kò ní ni wọ́n sì sábà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń dùn mí nígbà míì pé ọmọ tó lóye tó báyìí kò yà kúrò lójú ọ̀nà ẹni tó ń wò.

Ṣùgbọ́n mo yọ ti Extraction sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 2020. Nínú ojúlówó, Chris Hemsworth, ọkùnrin fírígbọ̀n, ló lọ gba ọmọkùnrin kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé ní Dhaka, ní Bangladesh. Nínú ti Ìkòròdú, ọmọdé ló lọ gbani sílẹ̀. Ọmọdé ló mú igi dání tó ń yìnbọn, ọmọdé ló ń sá, kò sí àgbàlagbà tí wọ́n ń retí pé kó wá gbà wọ́n. Bóyá wọn kò tilẹ̀ ronú kàn án, ó hàn níbẹ̀ ṣá. Joe àti Anthony Russo tó wà nídìí ojúlówó rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi ìfihàn àkọ́kọ́ apá kejì fíìmù náà.

Lọ́dún yẹn kan náà, Netflix fi àwọn irinṣẹ́ fíìmù ránṣẹ́ sí wọn. Ó yẹ wọ́n, mi ò bínú sí i. Àmọ́ kámẹ́rà olówó gọbọi á jẹ́ kí ẹ̀dà sún mọ́ ojúlówó, bó bá sì sún mọ́ ọn jù, kí la ó kù tí a ó máa rẹ́rìn-ín sí? Bí wọ́n bá bi mí, mà á ní kí kámẹ́rà tuntun náà máa ya bárò àtijọ́ yẹn lọ.