Bí Ọdẹ Okpara Ṣe Ń Di Ẹrù Oorun

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n a kì í sábà bèèrè ibi tí ìyà náà wà gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹnu ìbọn ni. Ọdẹ tó bá ti sùn nígbó rí á sọ fún yín pé aago mẹ́ta òru ni, nígbà tí iná ti rẹ̀yìn, tí ìrì ti sẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń fa ooru kúrò lára èèyàn. Èmi ò ní wo ọdẹ níbi tó ti ń yìnbọn kí n tó mọ̀ bóyá ó gbówọ́. Ẹ jẹ́ kí n wò ó níbi tó ti ń di ẹrù tí yóò fi sùn.

Okpara wà lábẹ́ Ṣábẹ, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, ní ẹkùn Collines lórílẹ̀-èdè Benin. Odò tí wọ́n jọ ń jórúkọ kan náà ń ṣàn lọ bá odò Ouémé, apá kan rẹ̀ ló sì jẹ́ ààlà láàrin Benin àti Nàìjíríà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, àpáta ńláńlá sì yọrí káàkiri. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ ni ojú ọdẹ máa ń ríran jìnnà níbẹ̀, àsìkò yẹn náà sì ni ọyẹ́ ń fẹ́. Ọ̀sán lè gbóná dé ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí òru já wálẹ̀ sí bíi 18. Fún ẹni tó ti làágùn látàárọ̀, tó wá dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, 18 yẹn tó gbọ̀n.

Bàbá ọdẹ kan tí mo jókòó tì lọ́jọ́ tó ń múra ìgbẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ẹní òré ló kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀bá omi ni òré ti ń hù. Inú rẹ̀ rí fúkẹ́fúkẹ́, kì í sì í wúwo tó bá ti gbẹ. Bàbá dùbúlẹ̀ lé ẹní náà, ó ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fi ẹfun sàmì sí ibi èjìká àti ibi ìdí. Ó dìde, ó fi ọ̀bẹ gé ẹní náà níbi àmì, ó sì fi okùn di etí rẹ̀ kó má baà tú.

Ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

“Àpò ọdẹ mi ńkọ́? Ṣé orí igi ni yóò sùn ni?”

Orí àpò ni ẹsẹ̀ yóò wà. Èjìká àti ìdí ló ń tẹ ilẹ̀ jù, ibẹ̀ sì ni òtútù ilẹ̀ ti ń wọlé. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fẹsẹ̀ rin òkè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn kan nínú wọn ń ra tìmùtìmù tí kò gùn ju èjìká dé ìdí lọ.

Lẹ́yìn ẹní, ó kan aṣọ. Méjì ló wà nílé: kúbùsù tuntun tí ọmọ rẹ̀ rà wá láti Cotonou, àti ògbólógbòó kíjìpá kan. Kúbùsù náà fẹ́lẹ́, ó sì dùn ún gbé. Bàbá kàn fọwọ́ kàn án ni, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ̀yinná kékeré bá ta sí i, yóò yọ́, yóò sì lu. Kíjìpá ló mú. Òwú tí àwọn obìnrin fọwọ́ ran, tí wọ́n sì hun lórí òfì tó dúró gbọọrọ, ló wà nínú rẹ̀. Ó fún un mọ́ ọwọ́, ó ṣí ọwọ́, ó ń wò ó bó ṣe ń rọra wú padà. Ó nà án sí oòrùn, ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ ju ibòmíràn lọ, nítorí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ọyẹ́ yóò gbà wọlé. Ó rí ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìránpọ̀, ó yọ abẹ́rẹ́, ó rán an pa. Níkẹyìn, ó gbóòórùn rẹ̀. Kò sí òórùn ọṣẹ níbẹ̀, aró rẹ̀ sì dúdú dé ibi tí kò fi ní hàn lóru.

Kíjìpá wúwo ju kúbùsù lọ, Bàbá sì mọ̀. Ìṣirò tirẹ̀ ni pé ohun tí kò bá níṣẹ́ méjì, kó dúró sílé. Kíjìpá yìí ni òṣùká bí ẹrù bá wúwo, òun ni ìbora lóru, òun náà ni wọ́n ń tẹ́ sórí ègùn bí wọ́n bá fẹ́ gun igi dúró de ẹran. Bí Bàbá bá yí ara padà nínú rẹ̀, kò ní dún. Ìrọ̀rí kò sí nínú ẹrù. Tápólì fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà fún ìrì, nẹ́ẹ̀tì kan wà fún ẹ̀fọn. Ìwé àṣẹ ọdẹ wà nínú ọ̀rá, nítorí òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ló ń darí ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ ní Benin. Ó tán.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ náà ti wú mi lórí jù kò sí nínú ẹrù rárá. Bàbá ti yan ibi tí yóò sùn kó tó di ohunkóhun. Kì í sùn sétí odò, nítorí afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn lọ sí kòtò lóru, ẹran tó bá sì fẹ́ mu omi kò ní wá síbi tí èèyàn wà. Ẹ̀yìn àpáta ló ń lọ, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́, àpáta á sì dá a dúró. Apá yẹn náà ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń sun gbẹ̀yìn, òkúta náà á sì máa tú ooru sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú dáadáa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn báyìí ti dín ẹrù kù láìfọwọ́ kàn án.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ti ń béèrè àpò ìsùn ti òyìnbó, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú aṣọ ló ń mú èèyàn gbóná, yálà òwú ni tàbí ìhùùhù pẹ́pẹ́yẹ. Ìhùùhù ló fúyẹ́ jù, ṣùgbọ́n bó bá rin, ó pẹ̀lẹ́bẹ̀, kò sì wúlò mọ́ títí yóò fi gbẹ. Èyí tí wọ́n fi fọ́nrán ọ̀rá ṣe wúwo díẹ̀ sí i, àmọ́ ó fara da omi jù ú lọ. Ẹ wo nọ́ńbà ìwọ̀n òtútù tó wà lára àpò náà. Láti ọdún 2002 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ní ìlànà EN 13537 fún nọ́ńbà yìí, tí ISO 23537 gba ipò rẹ̀ nígbà tó yá. Nọ́ńbà ìtura ni kẹ́ ẹ kà. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà láti fi polówó, ìwọ̀n tí ẹ̀mí fi wà nínú ewu ni. Fún Okpara, àpò tí ìtura rẹ̀ jẹ́ 10 ti ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má ra ti yìnyín.

Ray Jardine, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé fún àwọn arìnrìn-òkè ní ọdún 1992, sọ pé ohun tí ara bá tẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ̀ lábẹ́ èèyàn kò lè mú un gbóná, ìbora tó ṣí nísàlẹ̀ sì ló ń rán fúnra rẹ̀. Kíjìpá orí ẹní kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó sì tún ní àǹfààní kan tí ọdẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: èèyàn lè ti inú rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, láìjà pẹ̀lú síìpù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọdẹ, bí owó bá wà, ẹ ra àpò ìsùn tó ṣí pátápátá, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, tí kì í sì í dún bí ẹ bá fún un lọ́wọ́. Bí owó kò bá sí, ẹ lọ bẹ àwọn ìyá yín fún kíjìpá wọn. Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé àgbà ọdẹ kan lọ wo ibi tó ń sùn.