Igi Kan Kì í Dá Igbó Ṣe: Igbó Fágúnwà àti Igbó Tí A Ń Gbìn

Láti ìgbà tí D. O. Fágúnwà ti gbé *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938, ọ̀rọ̀ tí àwọn lámèyítọ́ ti sọ lórí ìwé náà kò kéré. Wọ́n ti yẹ èdè dídùn inú rẹ̀ wò, wọ́n ti tú ẹ̀kọ́ ìwà inú rẹ̀ palẹ̀, wọ́n sì ti ṣe àlàyé àwọn iwin àti ẹbọra tí Àkàrà-oògùn bá wọ̀yá ìjà. Ṣùgbọ́n igbó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kà á sí àmì àdánwò ilé ayé, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní èrò tèmi, àkókò tó tí a ó ka igbó náà gẹ́gẹ́ bí igbó.

Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, ó sì mọ ohun tí ó ń sọ. Nínú ìwé rẹ̀, igi kì í dá dúró: iwin ní ibùgbé tirẹ̀, ẹranko ní ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí ó kọ *Igbó Olódùmarè* ní 1949, ó fi Ànjọ̀nnú Ìbẹ̀rù ṣe oníbodè síbẹ̀, kí ènìyàn má baà kàn wọlé bí ẹni wọ oko àkùrọ̀ rẹ̀. Igbó tí ó ní oníbodè kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ìlú ni, ó ní onílé, ó sì ní òfin.

Síbẹ̀, a kò ní ṣàì sọ ibi tí ìwé náà kù sí. Àwọn ọdẹ Fágúnwà ń wọ igbó, wọ́n ń jà, wọ́n ń mú ohun rere bọ̀ wálé. Ènìyàn lè lọ kí ó má padà; igbó kì í lọ ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbin igi kan, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé igbó lè tán. A kò lè fi èyí bá òǹkọ̀wé 1938 wí, ṣùgbọ́n àwa tí a ń kà á lónìí kò ní àwáwí kankan.

Igbó ti tán ní ọ̀pọ̀ ibi tí ó ti rí bí igbó ìwé náà. Oko kòkó gba tirẹ̀, àwọn agégẹdú gba tiwọn, ìjọba pàápàá sì gé igbó láti gbin igi mìíràn dípò rẹ̀. Ní igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, gmelina ni wọ́n gbìn sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, kí wọ́n lè fi ṣe bébà. Níbòmíràn, tíìkì ni. Ilẹ̀ Éṣíà ni igi méjèèjì ti wá. Wọ́n ń yára dàgbà, wọ́n sì wúlò. N kò kẹ́gàn wọn. Ohun tí mo lòdì sí ni pé a ń pe oko igi ní igbó. Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ẹ̀bù tí ó pè é ní igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Kí ló dé tí a kò gbin ìrókò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí tíìkì? Kòkòrò kan wà tí ó ń bà lé ọ̀mùnú ìrókò kékeré. Ewé á wú ní kókó kókó, orí igi á sì kú. Bí a bá to ìrókò nìkan jọ, kòkòrò náà á ti ara kan bọ́ sí èkejì. Láàárín àwọn igi mìíràn ni ó ti máa ń ríbi sá sí. Àdán tí ó ń jẹ èso rẹ̀ ló sì ń gbé kóró rẹ̀ káàkiri. Fágúnwà kò kọ ìwé ẹ̀kọ́ nípa igi, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ tọ̀nà ju ìlànà àwọn tí ó gé igbó láti gbin igi lọ: aládùúgbò ni igi fi ń yè.

Ẹ jẹ́ kí a wo Òṣogbo. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n gé apá kan igbó Ọ̀ṣun, wọ́n gbin tíìkì sí i. Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn olùsìn dìde láti dá a dúró. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965. UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Àwọn ère tí Wenger, Adébísí Àkànjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn ni Ànjọ̀nnú Ìbẹ̀rù igbó náà. Ohun tí agbára òfin nìkan kì bá lè ṣọ́, ọ̀wọ̀ bá a ṣọ́ ọ.

Nínú ìwé 1938 yẹn, arúgbó kan ló tọ òǹkọ̀wé wá pé kí ó mú kálámù, nítorí ó ń bẹ̀rù kí òun má kú kí ìtàn òun sì bá òun lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la wà nínú ìwé náà. Ìtàn náà yè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀ ju oko tíìkì lọ yóò ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìrí igbó. Ẹni tí ó bá gbin ìrókò lónìí kò ní la pákó rẹ̀. Kí ó gbìn ín síbẹ̀, kí ó gbin àwọn aládùúgbò rẹ̀ tì í, kí ó sì fi àdán sílẹ̀ kí ó máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.