Ègbè Tí Kò Sí Nínú Àwo: Ìtara Àwọn Olólùfẹ́ Aṣa sí Àwo Orin V

Ìfáàrà

Orin jẹ́ ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá kan tí kò ṣeé yà nípá kúrò lára àwọn tí ń gbọ́ ọ. Níbi tí olórin bá ti ń lé, elégbè níláti wà níbẹ̀. Bí elégbè bá dákẹ́, orin di ọ̀rọ̀ àdásọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí orin ni ó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ inú orin, ọnà-èdè tí ó wà níbẹ̀ àti ìtàn ìgbésí ayé olórin. Olólùfẹ́ olórin, ẹni tí ń ka oṣù de àwo tuntun, tí ń há a sórí kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, tí ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn di òru nítorí rẹ̀, kì í sábà rí àyè nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ni wọ́n máa ń wò ó.

Karin Barber, nínú bébà kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1997 lórí àwọn òǹwòran àti olùgbọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ti jẹ́ kí ó yé ni pé olùgbọ́ kì í ṣe ohun tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ń dúró de eré. Oríṣiríṣi eré ni ó ń kó oríṣiríṣi olùgbọ́ jọ, ìgbà àti àwùjọ sì ń yí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ padà. Ojú ìwòye yìí ni iṣẹ́ yìí mú lò láti fi wo bí àwọn olólùfẹ́ Aṣa ṣe gba àwo orin rẹ̀ karùn-ún, V, tí ó jáde ní ọjọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 2022. Ìbéèrè tí ó ń dáhùn kò pọ̀: kí ni àwọn olólùfẹ́ náà ń yọ̀ sí gan-an, kí sì ni ó fà á tí inú àwọn kan nínú wọn kò fi dùn sí ohun tí inú àwọn yòókù ń dùn sí?

Bukola Elemide ni orúkọ olórin náà. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n Èkó ni ó gbé dàgbà. Ẹyẹ àṣá ni ó fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe máa ń tẹ orúkọ náà láìsí àmì ohùn lè mú kí ẹni tí kò mọ̀ kà á sí àṣà. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, jáde ní ọdún 2007 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Cobhams Asuquo tí ó bá a ṣètò orin inú rẹ̀. Ó sì gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2008. Lẹ́yìn èyí ni ó gbé Beautiful Imperfection jáde ní 2010, Bed of Stone ní 2014 àti Lucid ní 2019. Àlàfo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún ni ó wà láàárín wọn. Ẹ fi èyí wé ìgbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé wà ní góńgó, tí ọdún kan ṣoṣo lè rí ju àwo kan lọ láti ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Olólùfẹ́ tí ó ti dúró fún ọdún mẹ́rin kò lè gba àwo bí ẹni tí ó dúró fún oṣù mẹ́rin. Nínú ìdúró náà, orin àtijọ́ ni ó ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́, títí tí kò fi mọ ibi tí orin parí sí àti ibi tí ayé tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ Olólùfẹ́ Nínú Àwo Àtijọ́

Ní ayé jùjú, àpàlà àti sákárà, olólùfẹ́ kò ní láti wá ọ̀nà tí yóò gbà wọ inú orin, nítorí pé inú orin ni ó wà. Olórin a máa dárúkọ rẹ̀, a máa ki bàbá rẹ̀, a máa sọ àdúgbò tí ilé rẹ̀ wà àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Àwo Haruna Ìṣọ̀lá tí ó lókìkí jù lọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1971, orúkọ ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ kan ní Òṣogbo ni ó ń jẹ́: Oroki Social Club. Òròkí tí í ṣe oríkì ìlú Òṣogbo ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ lórúkọ, orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n sì fi sọ àwo. Kò sí bí ọmọ Òṣogbo yóò ṣe gbọ́ àwo náà tí kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Christopher Waterman, nínú ìwé rẹ̀ lórí jùjú (1990), ti ṣe àlàyé bí yíyin ọlọ́lá àti owó nínáni lójú agbo ṣe jẹ́ òpó tí orin náà dúró lé. Ìtara olólùfẹ́, nígbà náà, ohun tí etí lè gbọ́ ni: ó wà nínú oríkì, ó wà nínú ohùn àwọn elégbè tí wọ́n dúró ti olórin ní ilé ìgbohùnsílẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ẹni tí ó bá nawó ni ó ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, àìmọye orin alárinrin ni ìpọ́nni àsọdùn sì ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tálákà tí kò ní kọ́bọ̀ tí yóò fi lẹ̀ mọ́ olórin níwájú pàápàá ń gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀, ó ń gbọ́ òwe tí bàbá rẹ̀ máa ń pa, ó sì rí ègbè tí òun lè bá wọn gbè.

“Èmi” Tí Ó Ṣeé Yá Lò

Nínú àwo orin Aṣa, kò sí ọlọ́lá tí wọ́n ń kì. Ó mú gìtá lọ́wọ́, ó hun orin fúnra rẹ̀, ó sì ń sọ pé “èmi”. Irú orin báyìí ni àwọn kan máa ń pè ní àtọ̀húnrìnwá, wọ́n á ní ọ̀dọ̀ Bob Marley àti àwọn olórin adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́ ọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Yorùbá ti ní “èmi” tirẹ̀ nínú ewì alohùn tipẹ́tipẹ́, àpẹẹrẹ tí ó sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù lọ ni ẹkún ìyàwó ti agbègbè Ọ̀yọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọmọbìnrin a máa sun ẹkún yìí fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó ń sọ pé òun ń lọ, ó ń dúpẹ́, ó ń tọrọ ìre, ó ń sọ ìbẹ̀rù ilé ọkọ. Ta ni “èmi” inú ẹkún náà? Ìyàwó tí ó dúró níbẹ̀ ni. Síbẹ̀ òun kọ́ ni ó hun ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ti lọ ṣáájú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti sọ “èmi” kan náà lọ́jọ́ tiwọn. Omijé tí ó ń dà kì í ṣe irọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àjogúnbá. Àwọn abilékọ tí ń wò ó pàápàá a máa sunkún, nítorí pé “èmi” náà ti fìgbà kan jẹ́ tiwọn. “Èmi” tí ó ṣí sílẹ̀ ni, bí aṣọ tí ó gba gbogbo ìdí.

Irú “èmi” yìí ni àwọn olólùfẹ́ bá pàdé nínú àwo ọdún 2007. Nínú “Bibanke”, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ti jọ ń sọ̀rọ̀ ọkàn tí olólùfẹ́ ti gún lọ́gbẹ́, kò sí orúkọ ọkùnrin, kò sí àdúgbò, kò sí ọjọ́. Ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ ní Ìbàdàn àti ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lè wọ inú rẹ̀ láìyí ohunkóhun padà. Nínú “Jailer”, ẹlẹ́wọ̀n ń jẹ́ kí wọ́dà mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì wà; ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá rẹ̀ ń fìyà jẹ níbi iṣẹ́ ti rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. “Fire on the Mountain” mú orúkọ eré ìdárayá àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì fi í sọ àjálù tí àwọn àgbà ń wò níran. Ní ti “Àwé”, tí ó jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, ọ̀rọ̀ ìbáwí àwọn ojúgbà ni, irú èyí tí ènìyàn ń sọ fún ọ̀rẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Ọ̀rọ̀ àpè tí ó wà nínú àkọlé rẹ̀, tí àwọn ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ń pe ara wọn, ti tó láti mú ẹni tí ó ń gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí a bí sí Èkó tí wọn kò tíì pe ẹnikẹ́ni ní àwé rí ni wọ́n ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Báyìí ni olólùfẹ́ tí wọn kò dárúkọ rẹ̀ nínú orin ṣe dárúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ní òde ìṣeré, àwọn òǹwòran a máa gba “Ẹyẹ Àdàbà” mọ́ olórin lẹ́nu. Ègbè tí wọn kò gbà sílẹ̀ nínú àwo, ẹnu àwọn ni ó wà.

Àwo V

Orin mẹ́wàá ni ó wà nínú V. P.Priime, ọ̀dọ́ tí ó mọ bí orin ìgbàlódé Èkó ṣe ń lọ dáadáa, ni ó ṣètò èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Wizkid bá Aṣa kọ “IDG”. Amaarae, tí ó ní gbòǹgbò ní Gánà, bá a kọ “All I've Ever Wanted”. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń jẹ́ The Cavemen gbé háíláìfù wá sínú “Good Times”. Orin ìfẹ́ tí ó dùn ni ó kún inú rẹ̀. Ẹni tí ń kọ “Mayana” fẹ́ bá olólùfẹ́ rẹ̀ sá lọ síbi tí omi òkun wà. “Ocean” fi olólùfẹ́ wé òkun. Ìlù rẹ̀ rọ̀, ó yá, ó pe ẹsẹ̀.

Kí “Mayana” àti “Ocean” tó di ara àwo, wọ́n ti jáde ṣáájú, àwọn olólùfẹ́ sì ti ń jó wọn. Nígbà tí odindi àwo wá dé, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe láti inú àwo tí wọ́n rà ní Alábà bí ti ọdún 2007. Àwọn kan ti pè é ní iṣẹ́ tí ó dára jù lọ kí wọ́n tó gbọ́ ọ tán. Ohun tí ó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Wọ́n ní ó ti tó àkókò tí inú rẹ̀ yóò dùn, pé ẹni tí ó ti kọ orin ọgbẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ẹ̀tọ́ láti jó. Àwọn kejì ní àwọn kò mọ ẹni tí ń kọrin mọ́. Wọ́n ní ó ti lọ dara pọ̀ mọ́ agbo àwọn tí ń kọ orin ijó, agbo tí àwọn torí rẹ̀ sá wá bá a.

Àwọn méjèèjì ni ó ní ohun tí wọ́n dì mú. Ìyapa wọn kò sì ti inú dídára tàbí àìdára ohùn wá, nítorí pé kò sí ẹni tí ó jiyàn pé ohùn náà ṣì jinlẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ti inú ohun tí oníkálùkù ń fi orin Aṣa ṣe wá. “Èmi” inú V ti ní olólùfẹ́, ó ti ní ayọ̀, ó ti mọ ibi tí ó ń lọ. Kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti wọlé. Ohun tí ó ń bẹ olùgbọ́ sí ni kí ó wá bá òun jó. Ẹni tí ó fẹ́ràn Aṣa nítorí ijó àti ohùn gba ìpè náà. Ẹni tí ó ti fi “Bibanke” sunkún ikú tàbí ìkọ̀sílẹ̀ rí i bí ìgbà tí aláṣọ wá gba aṣọ rẹ̀ padà láìfún un ní òmíràn. Ìbínú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìbànújẹ́ ni. Lámèyítọ́ tí ó bá kà á sí àìmoore kò tíì gbọ́ ọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ èdè kò sì ṣeé fojú fò. Nínú àwo ọdún 2007, Yorùbá ni ilé tí wọ́n kọ́ odindi orin sí. Nínú V, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè àdàlú ìgboro ni ó gba iwájú. Yorùbá yọjú bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ó dùn, ṣùgbọ́n kò yóni. Ó yani lẹ́nu pé àwọn tí ń yin àwo náà àti àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú kò fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu ba èyí. Ìlù ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ewu tí ó wà níbẹ̀ tóbi: àwọn olórin tí ń fi Yorùbá sọ ohun tí ń bẹ nínú ọkàn ènìyàn kan ṣoṣo, tí kì í ṣe oríkì ọlọ́lá, tí kì í sì í ṣe orin ìyìn inú ìjọ, kò pọ̀ láàárín ìran rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé èdè náà sí ẹ̀gbẹ́, àlàfo rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìlù dídùn lè dí.

“Good Times” ni ó sún mọ́ àtúnṣe jù lọ, kì í ṣe nípa èdè bí kò ṣe nípa ìhun. Ibẹ̀ ni ohùn àwọn ẹlòmíràn ti wọlé tí wọ́n sì jọ ń gbé orin, tí gìtá háíláìfù rán olùgbọ́ àgbà létí ayé tí lílé àti ègbè jọ ń gbé inú àwo kan náà. Orin náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni yá “èmi” ẹlòmíràn lò, nítorí pé “àwa” ni ó ń sọ. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá tí ó jinlẹ̀ ń kọ ọ́, àwọn tí ó gbọ́ ọ ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè jókòó tì, kí ó máa tú u wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa rí nǹkan níbẹ̀, “Àwé” ti ọdún 2007 ṣì wà níwájú gbogbo orin mẹ́wàá inú V, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn olólùfẹ́ yá sí èyí tí ó tuntun.