Ìwé Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ìran akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ti kọjá ní ilẹ̀ wa tí ó ń fi bébà bo ẹ̀yìn ìwé James Hadley Chase, kí olùkọ́ má baà rí àwòrán obìnrin tí ó ṣí ara sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ni ó wà nínú ìwé náà gan-an?

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Chase (1906–1985). Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, No Orchids for Miss Blandish (1939), dá lé ìjínigbé. Olè jíjà àti ìpànìyàn ni ó gba iwájú nínú ọ̀pọ̀ èyí tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó wá ìṣekúṣe lọ síbẹ̀ yóò bá ọ̀daràn tí ojúkòkòrò sọ di òkú. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.

Síbẹ̀, àbùkù ńlá kan wà. Miss Blandish tí ìwé ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, oògùn olóró ni àwọn ajínigbé fi sọ ọ́ di aláìlẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó dá èyí kà níkọ̀kọ̀ kò rí ẹni bi léèrè. Pàṣán tí a sì fi gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè kankan.

Yorùbá kò ṣàìní irú ìtàn báyìí. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969), Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mú kí Lápàdé máa tọpa ọ̀daràn, ọkàn òǹkàwé kò sì balẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ jẹ́ kí a gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan, kí a sì bá a jiyàn lé e lórí. Ìwé tí a bá jọ kà kì í di ìwé abẹ́ ìrọ̀rí.